Ọjọ́ tí Oyèbísí Yin Ọmọ Rẹ̀

Èmi àti Oyèbísí la jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Downsview, nílùú òyìnbó níbí. Tó bá ń wẹ̀ fún arúgbó, ẹ ó rò pé ìyá tó bí i ni. Ṣùgbọ́n kó yin ọmọ rẹ̀ lójú èèyàn? Láéláé. Tẹ́ ẹ bá ní Kúnmi dáa lọ́mọ, á ní ẹ ò tíì rí yàrá rẹ̀ ni.

Ìwà yẹn ló kó bá wọn. Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwé Kúnmi pe àwọn òbí. Tíṣà ìṣirò, ọkùnrin òyìnbó kan tó níwà pẹ̀lẹ́, ní ọmọ náà ń gbìyànjú. Kíá, Oyèbísí ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu níṣojú Kúnmi: ó ní ọmọ náà kì í kàwé, fóònù ló ń tẹ̀ ṣáá, ìṣirò ò yé e rárá, kí wọ́n bá òun bá a wí. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ n'Íbàdàn nìyẹn, tíṣà á sì rẹ́rìn-ín. Òyìnbó ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan kíláàsì ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ní kí Kúnmi lọ síbi tí ìṣirò ti rọrùn. Kúnmi ò jiyàn. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ títí, ó rò pé wọ́n ṣàánú wọn ni.

Ìgbà tó sọ ọ́ fún mi níbi iṣẹ́, orí mi gbóná. Ẹnjiníà ni Kúnmi ń fẹ́ ṣe láti kékeré, ẹni tó bá sì gba kíláàsì yẹn kì í sábà dé yunifásítì. Ẹ lọ wo àwọn tó kún ibẹ̀: ọmọ aláwọ̀ dúdú, àti ọmọ àwọn tí owó ilé ń lé kiri. Àwọn ọmọ olówó wà lódì kejì. Ká ní ìyá òyìnbó ló bú ọmọ rẹ̀ báyẹn, ṣé tíṣà ò ní kọ́kọ́ wo máàkì ọmọ? Mo ní kí Oyèbísí padà lọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un ṣe.

Mo sin òun àti Kúnmi lọ sílé ìwé náà. Ẹnu ń yún mi láti bá a sọ ọ́.

Ó wá fi òyìnbó sọ fún tíṣà pé: “Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí kì í ṣe òótọ́, bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa ni. Ọmọ mi mọ ìṣirò. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ń fi í yangàn lọ́kàn mi lójoojúmọ́.”

Tíṣà yẹn ṣeun, Ọlọ́run á bù kún un. Ó ní iṣẹ́ ọmọ náà ló yẹ kóun wò, ó tọrọ àforíjì, ó sì yí kíláàsì náà padà lójú wa. Tíṣà mélòó ló máa gbà pé òun ṣàṣìṣe? Títí dòní ni mo ṣì ń dúpẹ́ lórí ẹ̀.

Ìta la wà tí Kúnmi bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló tún kù, ṣebí wọ́n ti gbà.

Ọmọ náà nu ojú. “Mummy, lọ́jọ́sí, èmi náà gbà yín gbọ́.”