Aṣọ Méje Ni Mo Wọ̀ Dé Zawan

Òórùn káńfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yàrá méjì là ń gbé ní Angwan Rukuba ní Jos, àpótí onírin tí Màmá ń kó aṣọ ìgbà-dé-gbà sí sì wà lábẹ́ ibùsùn. Ó máa ń ju àwọn horo káńfọ̀ funfun sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, nítorí náà bí àpótí yẹn bá ti ṣí, ọdún dé nìyẹn: Kérésìmesì, Àjíǹde, tàbí ìkómọjáde ẹnìkan. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó lajú tán. Ọyẹ́ ti bo fèrèsé bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì rò pé ọdún ti dé.

Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbé mi dìde lórí ẹní, ó wọ aṣọ kan fún mi, ó wọ òmíràn lé e, ó tún wọ òmíràn. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, apá mi kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni ìkarùn-ún, aṣọ Kérésìmesì ni ìkẹfà, súwẹ́tà Màmá fúnra rẹ̀ ni ìkeje. Wálé, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ ṣòkòtò mẹ́ta àti ẹ̀wù márùn-ún. Nígbà tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, kò sunkún, ńṣe ló ń yí gbirigbiri.

"Ẹni tó ń sá kì í ru ẹrù," ni Màmá ń wí bó ti ń de bọ́tìnnì. "Ohun tó bá wà lára rẹ ni tìrẹ. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, ẹni tó bá lé ọ bá ló ni ín."

Wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀ nílùú. N kò ní sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà n kò mọ̀ ọ́n, nísinsìnyí tí mo dàgbà, mo ti kọ́ pé kí ènìyàn má máa sọ gbogbo ohun tó rò. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé èéfín dúdú wà lápá ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn tó ń din kosai, àkàrà àwọn Hausa, ní ìkòríta kò sì jáde. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Jos mọ̀ pé bí àwọn onikosai kò bá jáde, ohun tó dé kì í ṣe kékeré.

Bàbá mi kò fẹ́ bá wa lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, abọ́ tánńganran ló ń tà, ìdajì yàrá wa sì kún fún un. Kò sí ẹni tó mọ ẹrù í dì bíi tirẹ̀. Bí a bá ń lọ sílé lọ́dún, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń di ẹrù, yóò sì di àga kan mọ́ ọn, bí ẹni pé kò sí àga ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn abọ́, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Tí mo bá ti di ẹrù tán, mo ń bọ̀."

"Bàbá Ṣadé, ẹ̀mí là ń gbé sá lónìí o."

"Mo gbọ́. Ẹ̀mí náà yóò fẹ́ abọ́ tí yóò fi jẹun."

 Màmá fà wá jáde, ọwọ́ rẹ̀ kan mú mi, èkejì mú Wálé. Kò gbé nǹkan kan.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ kó pòtétò ló gbé wa. Awakọ̀ náà wo èmi àti Wálé, ó fi Hausa kí Màmá pé ó tọ́jú ọmọ dáadáa, ó sì ní kó jókòó sáàárín wa kí ọkọ̀ má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Zawan là ń lọ, abúlé kan ní ìta ìlú, sọ́dọ̀ Bàbá Pam, àgbàlagbà ọmọ Berom kan tó jẹ́ oníbàárà Bàbá mi. Bàbá mi kò dé ibẹ̀ rí. Ńṣe ni Bàbá Pam máa ń wá ra abọ́, tí yóò sì jókòó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí Bàbá Pam jẹ́. Ó gbà pé ìlú tí àlejò kì í wọ̀ ti kú, wọn kò tíì sin ín ni. Bí àwọn ará ìlú ńlá ṣe ń sá wá, ojú tirẹ̀ ni pé Zawan ti ń gbajúmọ̀. Ó ti fi èédú kọ "Barka da zuwa", ẹ káàbọ̀, sára pákó, ó sì gbé e kọ́ sí ìkòríta, kí ẹni tó ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ lè mọ̀ pé inú wọn dùn sí wíwá òun. Abúlé kan wà lẹ́yìn òkè tí wọ́n jọ ń du àlejò. Àwọn yẹn gbé bẹ́ǹṣì sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń bu kunu fún ẹni tó bá ń sáré kọjá.

"Ẹ wo ìwà olè!" ni Bàbá Pam máa ń pariwo. "Kunu ni wọ́n fi ń já àlejò wa gbà!"

Ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, tí a bá ti jẹun tán, yóò kó gbogbo wa lọ wo adágún omi tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Yóò ní ẹ̀rọ ńlá kan wà nísàlẹ̀ omi náà. A ò rí i. Lọ́jọ́ kejì a tún lọ wo ẹ̀rọ tí a ò rí. Màmá nìkan ni kì í lọ. Ìkòríta ló máa ń dúró sí, lábẹ́ pákó tó ní a káàbọ̀, ó ń wo ọ̀nà tí Bàbá mi yóò gbà dé.

Ìròyìn rẹ̀ ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, ọkùnrin àdúgbò wa kan dé, ó ní, "Níbi tó ti ń di àwọn abọ́ ńlá ni mo fi í sílẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó ní, "Ó ti tú u palẹ̀ o. Ó ní òun ṣèèṣì di fìtílà mọ́ àárín." Lọ́jọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó dé láti Angwan Rukuba. Lọ́jọ́ kẹrin náà, kò sí. Màmá kò jẹun mọ́.

Àwọn kan náà wà tí wọn kò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ wa. Eruku Jos ò ní jẹ́ kí aṣọ mọ́, nítorí náà lójoojúmọ́ ni Màmá ń bọ́ ọ̀kan lára mi, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń sá a sórí ọgbà lẹ́yìnkùlé. Mama Chundung, ìyàwó Bàbá Pam, rí ọmọ tó sanra tó wọ ilé òun lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà fọn díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó tún fọn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fún mi ní gwate, ọkà acha tí wọ́n fi ewébẹ̀ sè, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ó ń fi ẹyin sínú ọwọ́ mi ní kọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń jẹ tó náà ni mò ń gbẹ tó. Lọ́jọ́ kẹrin, òun àti ọkọ rẹ̀ wá bá Màmá, Bàbá Pam ti ṣí fìlà.

"Ìyá Ṣadé, ẹ ṣàánú wa. Ẹ má sọ fún wọn nílùú pé a kò bọ́ àwọn ọmọ yín."

Màmá wò mí. Ó kàn na ìka sí ọgbà. Mama Chundung ka aṣọ tó wà níbẹ̀, ó wò mí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. "Kai! Àlùbọ́sà ni wọ́n bí!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá ti padà sí ìkòríta.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, iṣẹ́ dé láti abúlé kejì, èyí tó wà lẹ́yìn òkè. Àlejò wọn kan sọ ewúrẹ́ nù láti ọjọ́ kẹta, wọn kò sì lè jẹ́ kó lọ títí wọn yóò fi rí i fún un. Kí Zawan jọ̀ọ́ bá wọn ṣọ́nà. Ojú Bàbá Pam tàn.

"Bí àwa bá rí i ṣáájú wọn, ta ni yóò tún sọ pé àwọn ló mọ àlejò í tọ́jú?"

Tilé-toko ló jáde. Màmá náà tẹ̀ lé wa. "Ó sàn kí n máa wá ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni," ló wí, "ju kí n máa wo ọ̀nà yìí lọ." A pín ara wa kiri ẹ̀bá adágún, a ń wo ẹ̀yìn àpáta, a ń wo inú koríko. Lẹ́yìn òkìtì kan, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ṣe "mẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀," jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ewúrẹ́ tí kò fẹ́ kó dáhùn. Mo mọ ohùn náà.

Bàbá mi yọ lẹ́yìn òkìtì. Sálúbàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa bó ti máa ń ká a, àwọn ọkùnrin mẹ́fà sì tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń wo abẹ́ igbó fún un.

Ó pẹ́ gan-an kí ó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Ó ti di ẹrù tán lọ́jọ́ kẹta, mẹ́fà gígún régé, ó ku kó gbé e. Ariwo bá sún mọ́ ilé. Ó ní òun ki ẹrù mọ́lẹ̀, òun sáré; ìgbà tí òun máa wo ọwọ́ òun lójú ọ̀nà, okùn tó ṣẹ́ kù ni òun gbé. Ó ṣìnà, ó já síbi bẹ́ǹṣì oníkunu. Wọ́n rí ọkùnrin tó ń sáré toun ti okùn, wọ́n ní, "Ina akuyar?" Níbo ni ewúrẹ́ náà wà? Ojú ti ẹni tó mọ ẹrù í dì jù ní Jos láti sọ pé òun kò gbé nǹkan kan jáde. Ó nawọ́ sínú igbó, ó ní, "Ó gba ibẹ̀ yẹn lọ." Láti ìgbà yẹn ni gbogbo abúlé ti ń bá a wá a, tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n ń tù ú nínú, tí kò sì rí ẹnu sọ pé òun fẹ́ lọ bá ìyàwó òun.

"Bàbá Ṣadé," ni Màmá wí.

"Ìyá Ṣadé."

"Ewúrẹ́ wo?"

Bàbá mi wo okùn. Ó wo àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà. Ó wo Bàbá Pam, oníbàárà rẹ̀. 

Màmá wo okùn náà. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn, ó fi Hausa sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Dúdú ni. Ó ní funfun níwájú orí. Etí rẹ̀ kan ya." Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, irú ẹkún tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àgbàlagbà kan nínú àwọn ará abúlé kejì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ rọra lù ú léjìká. "Má sunkún, ìyá. Ewúrẹ́ lásán ni. A ó rí i."

Wọ́n sì rí i. Nírọ̀lẹ́, abúlé kejì fa ewúrẹ́ dúdú kan wá, ó ní funfun níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀ kò tíì gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Pam náà fa tirẹ̀ dé, ó ní èyí gan-an ni. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Funfun náà bá ọwọ́ mi wá. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ apá méjèèjì. Ó fi ewúrẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fún Mama Chundung nígbà tí ìlú rọlẹ̀ tí a padà sílé.

Wọn kò sun ilé wa, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹrù mẹ́fà tí Bàbá dì kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó wọlé kò ní wàhálà kankan, ó ti bá wọn dì í tán. Ohun tí kò rí dì, bí ìkòkò àti ẹní wa, wọ́n fi í sílẹ̀. Bàbá dúró láàárín yàrá tó ṣófo, èmi, tí mo ti gbádùn gwate àti ẹyin, bi Màmá léèrè pé, "Ìgbà wo la tún máa sá lọ?" Màmá kò nà mí. Ó kọjú sógiri. Fún ọ̀pọ̀ ọdún mo rò pé ó ń rẹ́rìn-ín ni.

Mo ti ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ báyìí. Ìlú náà ni mo ṣì ń gbé. Bí táyà bá bẹ́ lójú títì, mo máa ń ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde, n kì í sì í jókòó níbi tí n kò ti rí ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù tó kọjá, ọkọ mi ní kí a lọ najú fún ọjọ́ méjì nílùú kékeré kan tí wọ́n ní ó ní ìṣàn omi tó dára. Mo kó oògùn, mo kó ìwé ilẹ̀, mo kó ìwé ẹ̀rí gbogbo wa láti ìwé mẹ́fà, mo kó sítóòfù, àpò ìrẹsì kan àti kúbùsù mẹ́rin. Ọkọ mi wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò ṣeé pa dé, ó ní, "Ṣé a ò ní padà ni?"  Inú ọmọ tó wọ aṣọ méje yẹn ìbá dùn sí ìrìn àjò náà. Èmi bi ọkọ mi léèrè ìgbà tí a ó padà sílé, ó sì wò mí, ó rọra dẹwọ́ eré ọkọ̀. A ò tíì kọjá Farin Gada, inú Jos náà la ṣì wà.