Orí Ọ̀nà Ọmọ Ni Mo Pàtẹ Ẹyin Sí

Igba náírà la ń ta ẹyin sísè kan nígbà yẹn, mo sì máa ń fi ata gígún sí i lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá kí mi dáadáa. Títí dòní, ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá ti gbóòórùn ọ̀dà tútù, pápá ìṣeré àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ní Fẹ́sítáàkì ni mo máa ń rántí. Jańgílófà kan wà níbẹ̀ tó dà bí àga, tó ní ìgbànú. Mo ní tàwọn ọmọ ọ̀lẹ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, wọ́n da sìmẹ́ǹtì kan tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sókè, ó ń dán bí àwo. Mo súre fáwọn bíríkìlà: ẹnìkan ti rántí àwa ọlọ́jà, kí omi òjò má baà dúró lábẹ́ tábìlì wa. Mo gbé tábìlì mi lé e lórí, mo ki bíríkì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè dọ́gba, mo jókòó.

Ní ọlidé ọdún yẹn, màmá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba máa ń ti ọmọ-ọmọ wọn obìnrin wá nírọ̀lẹ́, lórí àga onítáyà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ò gbé e, apá màmá ò sì ká a láti gbé e gorí àtẹ̀gùn. Wọ́n á ra ẹyin kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró tì mí, ojú ọmọ náà ò sì ní kúrò lára jańgílófà alága yẹn, títí wọ́n á fi padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ń sọ fáwọn èèyàn pé adùn ẹyin mi ló ń fà wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ò gba ẹyin. Ó ní ọ̀la lòun ń padà sí Abẹ́òkúta. Ó wojú màmá, ó wo tábìlì mi.

"Ẹ má bínú, mà. Orí ọ̀nà mi lẹ jókòó sí."

Màmá yára fọwọ́ bò ó lẹ́nu, wọ́n ní àwọn ti kìlọ̀ fún un pé a kì í lé àgbà dìde. Mo wo táyà àga yẹn, mo wo sìmẹ́ǹtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà: ọ̀nà táyà ni wọ́n ṣe é fún. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin ṣáà dàgbà jù mí lọ. Ẹ̀ bá lé mi."

"Ìdí oúnjẹ rẹ ni," ni wọ́n wí. "Ta ló ń lé èèyàn nídìí oúnjẹ ẹ̀?"

Mo fa tábìlì, mo gbàgbé bíríkì. Abọ́ ẹyin dojú dé, ẹyin ń yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹyin ọ̀hún ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yẹn ṣeré. Èyí tí ò fọ́, àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A tì í gòkè, a dè é ní ìgbànú, èmi ni mo sì ń fì í. "Ẹ tún fì mí, mà," ló ń wí títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Mi ò rí i mọ́ látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọjà sórí sìmẹ́ǹtì yẹn lónìí, á gbọ́ ẹnu mi. Ó wá yé mi pé ọmọ lè máa bọ̀wọ̀ fún àgbà títí ọlidé rẹ̀ á fi tán. Lọ́jọ́ náà, màmá fẹ́ sanwó ẹyin tó ṣòfò, mo kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó lé ayọ̀ ọmọ lórí, ohun tó sì bọ́ lọ́wọ́ mi ò ju ẹyin mẹ́sàn-án lọ: ẹgbẹ̀sán náírà.