Ẹja Mẹ́jọ Àǹtí Má-tẹ̀-ẹ́

Rárá o, kì í ṣe oògùn ló dà sínú omi. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń kọ káàdì fún àwọn tí eyín ń dùn, tábìlì mi sì kọjú sí àpótí gíláàsì tí ẹja wà nínú ẹ̀ yẹn gan-an. Tí ẹnikẹ́ni bá máa sọ bí Àǹtí Má-tẹ̀-ẹ́ ṣe mú ẹja jáde, èmi ni.

Òun ló ń tún ilé ìwòsàn eyín wa ṣe. Orúkọ àbísọ rẹ̀, bóyá dókítà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Tó bá ti nu ilẹ̀ tán, á dúró ti garawa rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, á pariwo mọ́ ọn pé: "Má tẹ̀ ẹ́! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni!" Ó ti lé bàbá arúgbó kan padà síta rí, tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bí búrẹ́dì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọkọ ti kú, ọmọ ti lọ sílé ọkọ. Àkísà mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì níṣẹ́ tirẹ̀. Tó o bá fi ti fèrèsé nu tábìlì, ìjà dé nìyẹn.

Dókítà ra ẹja mẹ́jọ, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, onílà dúdú lára, kí àwọn tó ń dúró lè máa wò wọ́n, kí àyà wọn má já mọ́. Àǹtí ló ń fún wọn lóúnjẹ. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti mọ èyí tó ń jẹun yára àti èyí tó máa ń fi ìrù gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹja yìí ò jáde. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń yí omi ni wọ́n há ara wọn mọ́, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, bí èèyàn tó sá fún òjò. Tí aláìsàn bá wò títí tí kò rí nǹkan kan, á fi ìka kan gíláàsì, kó, kó, kó. Wọ́n á tún há mọ́ra sí i.

Ọjọ́ Ajé kan ni dókítà sọ̀rọ̀. "Ṣé omi lásán la gbé síbí ni? Ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá ọ̀sán, ẹlẹ́ja á wá kó wọn. Tẹlifíṣọ̀n ni màá gbé síbẹ̀."

Àǹtí ní, "Ibo ló máa kó wọn lọ, sà?"

"Ó ní òun á fi bọ́ àwọn ẹja ńlá tó wà lọ́dọ̀ òun."

Wò ó, mo rí ojú Àǹtí. Ó fún àkísà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra títí omi fi ń kán sórí ilẹ̀ tóun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Kí ló wá ṣe? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ló ṣe: ó tún nǹkan nù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kó gbogbo òkúta àti ewé inú omi jáde, ó ní wọ́n ń dí ojú. Ó fọ gíláàsì títí ó fi ń dán bí eyín tuntun. Ó gbé iná funfun lé e lórí. Àpótí mọ́ débi pé abẹ́rẹ́ ò ríbi sá sí níbẹ̀. Ni àwọn ẹja bá sá wọ igun kan, wọ́n dorí kodò, ilà dúdú ara wọn ti ṣá, wọn ò sì fẹnu kan oúnjẹ. Ọjọ́rú, bákan náà. Mo ní, "Àǹtí, ó jọ pé wọ́n fẹ́ kú." Ó ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́." Èmi, kí n pa ẹnu mọ́!

Kọ́ọ̀pù dúdú tó fi ń bu omi ló bọ́ sínú àpótí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò tíì tan iná, ibẹ̀ ṣì rí bàìbàì. Ó rí ẹja kan tó ń rìn gbẹ̀fẹ́. Ó wọ ẹnu kọ́ọ̀pù, ó jáde, ó yí ibẹ̀ ká, ó tún wọlé. Àǹtí tan iná, fìrì! Kò rí i mọ́.

Ìgbà tí mo fi máa dé, ó ti da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rú. Ìkòkò òdòdó méje tó ti fọ́ lẹ́nu ló dùbúlẹ̀ sínú omi, kọ́ọ̀pù sì ṣìkẹjọ. Òkúta ti padà. Ewé ti padà, àwọn míì léfòó lójú omi, wọ́n ṣíji bo ìsàlẹ̀. Ó pa iná funfun. Ó lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì, ó wá kọ̀wé síwájú: "Ẹ MÁ KAN GÍLÁÀSÌ O."

Dókítà wọlé, ó dúró. "Mo ní mo fẹ́ máa rí ẹja, ẹ wá kọ́lé fún wọn kí wọ́n lè sá pamọ́ dáadáa?"

"Ẹ fún mi dọ̀la, sà."

"Aago méjìlá. Kò sí ìṣẹ́jú kan lé e."

Bó ṣe jáde, mo ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o? Ihò mẹ́jọ lẹ fi kún un!"

Kò wojú mi. "Nígbà tí ọkọ mi kú, yàrá tí mo kó lọ ò ní àgádágodo. Tí mo bá fẹ́ ra iyọ̀ lásán, eré ni màá sá lọ, eré ni màá sá bọ̀. Ọjọ́ tí mo ra àgádágodo gidi, ọjọ́ yẹn ni mo tó jáde wáṣẹ́."

Ọjọ́ Ẹtì, ẹlẹ́ja ti dé láago mọ́kànlá, tòun ti garawa àti àwọ̀n. Ó lọ dúró ti gíláàsì.

Àǹtí ní, "Jókòó, ọkùnrin yìí. Òjìji ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n."

"Màmá, ṣé ọba ni wọ́n ni?"

"Jókòó!"

Ó jókòó. Àǹtí ní kí gbogbo àwọn tó ń dúró má mira, títí kan bàbá ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wúwú ọjọ́sí. Ó fọ́n oúnjẹ díẹ̀ sójú omi, omi ta sílẹ̀, ó nù ún, ó wá kúnlẹ̀ ti garawa rẹ̀.

Aago mọ́kànlá àbọ̀, ẹnu kan yọ nínú ìkòkò. Fóònù mi dún! Ẹnu yẹn wọlé padà. Bí Àǹtí ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn, títí dòní, mi ò gbàgbé. Mo pa fóònù, mo jókòó lé e lórí.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú, ẹja méjì jáde. Ni ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbẹ́ eyín bá bú nínú yàrá, gììì! Wọ́n sá. Ẹlẹ́ja ti ń tú àwọ̀n rẹ̀. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò há mọ́ igun. Oníkálùkù wọ ìkòkò tirẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n tún yọjú. Nígbà tí ẹ̀rọ bú lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan kàn yí ìdí sí i, ó ń jẹun lọ. Bàbá ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ń kà wọ́n lábẹ́ ẹnu, pẹ̀lú gbogbo ìrora ẹ̀: "Mẹ́rin... márùn-ún... mẹ́fà..." Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Méje. Èyí tó ń fi ìrù gbáni nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo tẹjú mọ́ aago títí ojú fi ń ta mí. Ẹja yẹn bá rọra yọ nínú kọ́ọ̀pù dúdú, ó gba iwájú gíláàsì kọjá, ó sì fi ìrù gbá ẹni tó wà níwájú ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà wo aago, ó wo àpótí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó juwọ́ sí ẹlẹ́ja pé kó máa gbé garawa rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ti ń yọ lójú ẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ kan kó lè sún mọ́ gíláàsì. Àǹtí na ọwọ́ méjèèjì, ó rọra sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ẹja má bàa gbọ́:

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni."