Alágbàfọ̀ Tó Gba Tòlótòló Lálejò

Bí o bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà ní orígun òpópónà náà, tí o bi í pé ìgbà wo ni yóò fọ̀ ọ́ tán, ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "A ti kọ ọ́." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé a ti kọ ọ́ sínú Òfin Mósè pé ènìyàn kò gbọdọ̀ purọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀, nítorí náà òun kò ní sọ pé ọ̀la nígbà tí òun mọ̀ pé ọ̀túnla ni. Báyìí ni àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Atikọọ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ máa ń fi pè é, pàápàá bí inú bá ń bí i.

Wọn kò bí ìwà yìí mọ́ ọn o. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, bó bá gbọ́ pé wọ́n ń ka Bíbélì lápá ọ̀tún, apá òsì ni yóò gbà kọjá. Ọdún kan ni òjò wá ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀ tó sì gbàgbé láti padà wá tì í. Aṣọ kankan kò gbẹ. Alágbàfọ̀ tí kò rí oòrùn, àfi bí apẹja tí kò rí odò. Ó káwọ́ gbera títí ó sú u, ló bá na ọwọ́ mú Bíbélì tó wà lórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tó dé ibi tí òfin ti ń gun orí òfin, níbi tí oorun ti máa ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ibẹ̀ gan-an ni ojú tirẹ̀ là kedere. Ẹnu yà á pé Ọlọ́run tó dá sánmà ráyè ronú nípa ìtẹ́ ẹyẹ, nípa òṣùwọ̀n oníṣòwò, nípa ẹni tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ wó lulẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní bí Ọlọ́run bá ráyè fún irú nǹkan báwọ̀nyí, òun náà yóò wá àyè.

Ó sì wá àyè lóòótọ́. Ó kà á pé kí ènìyàn máa dìde níwájú orí ewú. Láti ọjọ́ náà, bí arúgbó bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, á dìde. Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró ló wà tẹ́lẹ̀, á kọ́kọ́ sáré jókòó kó lè rí ibi tí yóò ti dìde, nítorí ó ní ìdúró tí òun dúró torí áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù ló ni ín, kì í ṣe àgbà. Bàbá olùkọ́ kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé ń sú. Bàbá yìí fura sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì sọ ọ́ di fàájì. Á lọ, á bọ̀, á tún lọ, Atikọọ́ á sì máa jókòó, á máa dìde, bí ẹni tó fìdí lé èérùn. Ṣòkòtò méjì ló jóná lọ́sẹ̀ ọ̀hún.

Bí ayé rẹ̀ ṣe rí nìyẹn kí tòlótòló tó dé.

Òwúrọ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ funfun àwọn akọrin sórí okùn tán, ó wọlé lọ mu omi, nígbà tó gbọ́ ariwo kan lẹ́yìnkùlé bí ìgbà tí ẹni tó ní eyín àtọwọ́dá ń fi omi ṣan ẹnu. Ó jáde. Akọ tòlótòló ńlá kan ló gun orí okùn, ó fẹ ìrù bí abẹ̀bẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pupa fòò. Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ara alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ náà kò rọ̀ ọ́. Okùn já. Tòlótòló àti aṣọ mímọ́ jọ ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde látìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wo ẹyẹ náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì ní ìkòkò ńlá òun wà lábẹ́ tábìlì. Atikọọ́ mi orí. Ó bi gbogbo ará ilé tó yí wọn ká bóyá àwọn ni wọ́n ni tòlótòló, gbogbo wọ́n ní àwọn kọ́. Nígbà náà ló rántí òfin tó sọ pé bí ènìyàn bá rí ẹran ọmọnìkejì rẹ̀ tó ń ṣáko, kò gbọdọ̀ gbójú kúrò, kó dá a padà ni. Bí kò bá sì mọ ẹni tó ni ín, kó mú un wá sínú ilé rẹ̀ títí olówó rẹ̀ yóò fi wá a wá.

"Ó dáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé."

"Inú ilé ni wọ́n kọ."

"Baálé mi, ẹ̀yìnkùlé wa, ṣé inú ilé aládùúgbò ló wà ni?"

"Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń pè é. Ìwọ náà gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Báyìí ni tòlótòló ṣe wọ pálọ̀.

Àlejò tó wọlé tí kò bọ́ bàtà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ní ọjọ́ kìíní, ó rí ara rẹ̀ nínú dígí tí àwọn oníbàárà ìyàwó Atikọọ́ fi ń wo aṣọ lára, ó rò pé tòlótòló mìíràn ló fẹ́ gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n fi aṣọ bo dígí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yan àga tí baálé ilé máa ń jókòó sí, kò sì sí bí wọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́ tó kó dìde. Èyí tó wá le jù ni ti àdúrà. Ẹyẹ náà kì í gbọ́ ohùn tó bá ròkè kó má dáhùn. Bí Atikọọ́ bá ti gbàdúrà tán, tó ké "Àmín", òun náà á ta ọrùn síwájú, á ní, "Golo-golo-golo!" Ìyàwó á fi etí ìró di ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa mì. Atikọọ́ bá a wí pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín nínú àdúrà. Obìnrin náà fèsì pé láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra, òun kò tíì rí ẹni tó gba àdúrà rẹ̀ gbọ́ tó báyìí.

Ìròyìn kì í ní ẹsẹ̀, àmọ́ ó máa ń sáré. Àwọn tó ni tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Alápatà ló kọ́kọ́ wá. Atikọọ́ ní kó júwe ẹran rẹ̀. Alápatà ronú, ó ní ó ní ìyẹ́, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì. Atikọọ́ sọ fún un pé ẹyẹlé pàápàá ní ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ méjì. Obìnrin onílé kan tẹ̀lé e, ó sunkún wọlé, omi lójú, ikun nímú, ó ní ẹran òun ọ̀wọ́n nìyẹn, pé àràárọ̀ ló ń yé ẹyin fún òun. Atikọọ́ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé akọ ni. Obìnrin náà nu ojú, ó wo tòlótòló náà sùn-ùn, ó ní á jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lòun ń wá.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá kí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé fún un kò ní ẹran, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ńlá kan jókòó sórí àga níwájú rẹ̀, tó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún òun. Atikọọ́ ṣàlàyé. Àna rẹ̀ ní ṣé òfin náà sọ pé kí ebi máa pa àlejò? Atikọọ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ́ àlejò. N kò lè pa àlejò kan fún àlejò kejì." Ọ̀gbẹ́ni náà sùn mọ́jú, ó sì lọ láìjẹ oúnjẹ àárọ̀.

Ọkàn Atikọọ́ ò yẹ̀ nínú gbogbo èyí. Ẹ̀wù kóòtù tí olórí ẹgbẹ́ afunfèrè ládùúgbò gbé wá fọ̀ ló fẹ́ gbé e ṣubú. Kóòtù pupa ni, bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ góòlù, wọ́n ń dán gbinrin. Atikọọ́ ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ó yí ẹ̀yìn padà díẹ̀ báyìí, ó gbọ́ kó, kó, kó. Kó tó débẹ̀, tòlótòló ti gbé bọ́tìnnì gbogbo mì, èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ pàápàá kò ṣẹ́kù. Ìyàwó rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà yíká, ó ní kò burú, bọ́tìnnì kì í dà nínú, kí baálé òun ṣáà gbé àga sẹ́yìn ẹyẹ náà kó máa ṣọ́ ọ. Atikọọ́ sì gbé àga. Ó ṣọ́ ọ títí, kò rí nǹkan kan tó dán.

Sùúrù rẹ̀ pin. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu. Kò lé tòlótòló o. Kò sọ pé kó máa lọ. Ó kàn lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú sí ògiri, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan bo orí, ó ní òun fẹ́ wo bóyá ó gbẹ. Ó gbọ́ èékánná tó ń họ sìmẹ́ńtì, ṣá, ṣá, ṣá, títí ìró náà fi dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin náà padà wá bá a lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò gbọdọ̀ gbójú kúrò ni wọ́n kọ, òun rèé, ojú wà lára ògiri, orí wà nínú aṣọ aláṣọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ ya àwòrán ẹni tó gbójú kúrò, kí ló tún kù kó yà?

Ó fò dìde, ó sáré jáde, singilẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àsíá. Tòlótòló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìparí òpópónà. Bó ti rí i pé wọ́n ń lé òun, ló bá kó eré sẹ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sá lọ ni bàbá olùkọ́ ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Atikọọ́ kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó fi eré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde níwájú bàbá, ó ní "Ẹ káàárọ̀, sà," ó sì tún ń sá lọ. Bàbá dúró wò ó títí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní láti ọjọ́ náà ni bàbá kò ti fi ọ̀rọ̀ ìjókòó òun ìdìde yẹn ṣe fàájì mọ́.

Tòlótòló yà wọ ọgbà kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, ó lọ tààrà sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá kan, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó délé. Atikọọ́ gbọ́ gbìì nínú yàrá, bí ẹni pé ènìyàn já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Kò sẹ́nikẹ́ni nílé," ni ohùn kan wí.

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

"Àwa náà ń wá a ni."

Atikọọ́ ti ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ méjì ló rí, wọ́n yọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tòlótòló wọlé, ó lọ jókòó lé ẹsẹ̀ náà lórí, ó pa ojú dé.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lóru ló ni ẹsẹ̀. Ó rákòrò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òwú aláǹtakùn dì mọ́ ọn lórí, ó sì jẹ́wọ́. Ọ̀gá òun ló fi ẹyẹ náà ta òun lọ́rẹ, kò sì bójú mu kí òun pa ẹ̀bùn ọ̀gá jẹ nígbà tí ọ̀gá ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni òun ń sùn. Bí òun bá ti hanrun báyìí, tòlótòló á dáhùn. Òun kò rántí bí oorun ṣe ń rí lára mọ́. Nígbà tó sú òun, òun fà á lọ sí àdúgbò mìíràn, òun gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un ní ilé rere, òun sì sá.

"Ọlọ́run gbọ́ àdúrà yín," ni Atikọọ́ wí. "Pálọ̀ mi ló fi gbọ́ ọ."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, bàbá. Mo fi ta yín lọ́rẹ."

Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Atikọọ́ ti dá ẹran padà fún olówó rẹ̀, ó ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó lè yí ẹ̀yìn padà kó máa fọ aṣọ rẹ̀ lọ. Ó tiẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọlọ́dẹ náà, tó pọ́n bí ata, ó rántí ẹni tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ wó lójú ọ̀nà. Wọ́n kò ní kí ènìyàn kàn tọ́ka sí i pé ẹran rẹ nìyẹn o. Wọ́n ní kó bá a gbé e dìde. Ọkùnrin yìí gan-an sì ni ẹrù wó lù.

Ó jókòó, àwọn méjèèjì jọ gba ọ̀rọ̀ náà rò, wọ́n sì jọ lọ bá ọ̀gá. Atikọọ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní ẹyẹ tó ń dáhùn ohùn gbogbo, iṣẹ́ ló yẹ kó ní, kì í ṣe yàrá. Kí wọ́n kọ́ ilé fún un nínú ọgbà ilé ìkẹ́rùsí, lábẹ́ igi tó jìnnà sí yàrá ọlọ́dẹ, kó máa gbé ibẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí olè bá fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ẹyẹ náà á figbe ta, wọn kò ní í nílò ẹni tí yóò jí ọlọ́dẹ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó sì gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọlọ́dẹ ti funfun padà.

Ó ku kóòtù. Atikọọ́ kò purọ́ pé oníṣẹ́ ibòmíràn ló sọ bọ́tìnnì nù. Ó sọ fún olórí afunfèrè bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti rán oríṣiríṣi bọ́tìnnì sí i, kò sí méjì tó jọra. Ọ̀gbẹ́ni náà wọ̀ ọ́, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní ó wu òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn afunfèrè tó kù wá gbé tiwọn náà wá kí wọ́n rán an bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Atikọọ́ kò rò ni pé òkìkí rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe. Ohunkóhun tó bá sọnù ládùúgbò, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá báyìí: kọ́kọ́rọ́, agboòrùn, ìjàpá kan, bàtà ẹsẹ̀ òsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú ìyá arúgbó kan wá tó ṣìnà ilé. Atikọọ́ jókòó, ó dìde, ó fún ìyá ní àga rẹ̀. Ìyá jẹun, ó sinmi, ó sì fi gbogbo ọ̀sán ṣàtúnṣe sí bí ìyàwó ilé ṣe ń rán aṣọ. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń dúpẹ́, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, ìyá ní kí wọ́n padà wá lọ́la, pé òun kò tíì tán nídìí ẹ̀rọ.

Ìyàwó Atikọọ́ pè é sí kọ̀rọ̀, ó bi í léèrè bóyá wọ́n kọ ibi tí òfin náà mọ. Atikọọ́ ní òun yóò lọ tún un kà.