Ṣọ́ọ̀kì Líle, Ṣọ́ọ̀kì Rírọ̀

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Bẹ́yẹrúnkà. Kí àwọn obìnrin agboolé tó gbálẹ̀ tán, Bàámi á ti wà lábẹ́ mọ́tò, á máa fi kẹrosíìnì fọ àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la ó máa rí. Rédíò ló ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ láti fi bọ́ wa, ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó ti gbó kí wọ́n tó bí mi. Láàárín ọ̀sẹ̀, òun ló ń gbé wa lọ sílé ìwé àti ọjà. Lọ́sàn-án Sátidé, Bàámi á wà á lọ sí títì tuntun kan lẹ́yìn ìlú tí wọn kò tíì ṣí fún ọkọ̀. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ àtijọ́ sáré ní méjì méjì, lójú ọ̀nà gbọọrọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí.

Bàámi kì í sábà borí. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n máa lọ, ìdí ọkọ̀ á rì, á tún fò sókè, táyà á máa yí lásán. Bọ̀dá Làtí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ l'Ọ́jà'ba, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ẹ wò ó, ijó ni tiẹ̀ bá wá! Ẹ lẹ owó mọ́ ọn níwájú!"

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló fà á, ìyẹn irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa ta bí ọ̀pọ̀lọ́. Tiwa rọ̀, ó sì nídìí tó fi rọ̀. Àbúrò mi, Kúnmi, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí eegun bá ń ro ó, ẹ kò gbọdọ̀ fara kan ẹní rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn la máa ń tẹ́ ẹ sí lọ sílé ìwòsàn, kòtò Bẹẹrẹ kò sì mọ aláìsàn.

Lọ́jọ́ kan, Bàámi mú èmi àti Kúnmi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní Géètì. Ó ń gbé ṣọ́ọ̀kì nàró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń padà sókè. Èyí tó rọ̀ ń wọlé wọ́ọ́rọ́. Èyí tó le fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

"Èyí tó lè ṣe méjèèjì ni mo fẹ́," ni Bàámi wí.

Àlàájì tó ni ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ sáré ni, àbí ẹ fẹ́ gbé ìyá àgbà lọ síbi ìkómọ? Ẹ mú ọ̀kan."

Bàámi mú èyí tó le.

Nígbà tó dè é tán, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn, kí n gbé abọ́ omi lé itan. Bó ṣe máa ń dán ṣọ́ọ̀kì wò nìyẹn. A sọ̀kalẹ̀ láti Màpó. Pẹ̀lú ti àtijọ́, ọwọ́ mi lásán ni omi máa ń ta sí. Lọ́jọ́ yẹn, a kò tíì dé ìsàlẹ̀ tí abọ́ fi gbẹ. Kúnmi ń pàtẹ́wọ́: "Àǹtí Bísí ti tọ̀ sára o! Ẹ bá mi kí àgbà!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí, ó ń wo abọ́ náà.

Ó sọ fún Màámi pé, "Sátidé yìí nìkan ni. Màá dá ti àtijọ́ padà."

Màámi ní, "Bàbá Bísí, ẹni tó ń lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀."

Ó borí lọ́jọ́ Sátidé náà. Bọ̀dá Làtí fúnra rẹ̀ ló gbé e sókè. N kò rí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá mi rí, n kò sì tún rí i mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ rédíò pọ̀. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ wà nílẹ̀ lẹ́yìn ààmù, Màámi ń ré wọn kọjá, ó ń bẹ̀ ẹ́, òun náà ń dáhùn pé, "Lọ́la." Ó dá mi lójú pé òótọ́ ló ń sọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àìsàn Kúnmi tún dé. Bàámi rọra ń wa ọkọ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹyin, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè, wọ́n ń bú u. Síbẹ̀, kòtò kan kò kọjá kí Kúnmi má ké. Lẹ́yìn náà ni kò ké mọ́. Ó kàn ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàámi, ẹ dúró, kí n sinmi díẹ̀." Bàámi dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn. Èmi àti Màámi ń sáré tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá Kúnmi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti tán, pé kì bá ti yè bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálù la fi gbé e wá. Bàámi ń mi orí. Nígbà tí a sin ín tán, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó dá ṣọ́ọ̀kì rírọ̀ padà, kò sì sáré mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ tí mo jẹ́ kò gba dókítà gbọ́. Mo di bàbá mi sínú fún ọdún púpọ̀. Ní báyìí, mo ti dàgbà ju bí Bàámi ti wà nígbà náà lọ. Mo ti sin ín, mo sì ti bá dókítà mìíràn sọ̀rọ̀, ohun kan náà ló sọ fún mi. Mo gbà. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà rí ẹni tó lè bínú sí, ìbínú náà sì ń gbé e dìde láràárọ̀. Èmi tòní kò rí ẹnì kankan bínú sí.