Káńsílọ̀ Kò Jẹun Lábọ́ Mọ́

Ẹnu Mùjíbátù kì í sinmi. Bó bá ń yan gàrí, á máa bú iná. Bó bá ń darí relé, á máa bú bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbò rẹ̀ méjèèjì pàápàá, èébú ló fi tọ́ wọn dàgbà ní Lalupon. Òun ló sọ ọ̀kan ní Alága, nítorí pé ikùn rẹ̀ ló máa ń wọlé kí orí tó wọlé. Ó sọ èkejì ní Káńsílọ̀, nítorí pé kò síbi tí Alága lọ tí kì í tẹ̀ lé e. Bí Alága bá dùbúlẹ̀, Káńsílọ̀ á dùbúlẹ̀ tì í, á gbé àgbọ̀n lé e lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin olè ìjọba," bó ṣe máa ń kí wọn láràárọ̀ nìyẹn, á sì gbá ìdí abọ́ tánganran tó kún fún èèpo ẹ̀gẹ́. Wọ́n á sáré wá, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ọdún méjì gbáko ni.

Nígbà tí Iléyá dé, Làmídì ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí Alága. Mùjíbátù ò jiyàn. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ sìn ín náà nìyẹn. Alága fúnra rẹ̀ ni ò gbà. Ọkùnrin mẹ́ta fa okùn títí, ó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀, ó sì kan Sàníù àbúrò Làmídì nítan, ìyẹn jókòó sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

"Ìyá Roheem," ni Làmídì wí, "bá wa pe ọmọ rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mùjíbátù náà rẹ́rìn-ín. Ó bu èèpo, ó gbá ìdí abọ́. Alága tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ dé etí kòtò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ de ẹ̀jẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́ nígbà tí wọ́n dì í mú. Káńsílọ̀ wà lẹ́nu okùn tirẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni ò ti jẹun mọ́. Ó kọ́kọ́ ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí wọ́n sá awọ Alága sóòrùn, ó lọ dùbúlẹ̀ tì í, ó gbé àgbọ̀n lé e. Mùjíbátù ká awọ náà sórí àjà. Dókítà ẹran wá láti Ìyànà Ọ̀fà, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní òun ò rí àìsàn kankan. Láràárọ̀, Mùjíbátù á gbá abọ́. Àgbò á máa fà sẹ́yìn títí okùn á fi fẹ́ fún un lọ́rùn. Mùjíbátù náà á wá gbá abọ́ kíkankíkan.

Lọ́jọ́rú, Làmídì ní, "Bó bá dọjọ́ Jímọ̀ tí kò jẹun, mo máa dúńbú rẹ̀. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́?"

"Ẹ má tíì pọ́n ọ̀bẹ yín o, Bàbá Roheem."

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gbọ́njúbọ́lá bi í léèrè, "Ọkọ rẹ kejì ńkọ́, ó ti jẹun?"

"Kò jẹ. Mo gbá abọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí."

Gbọ́njúbọ́lá dá ọ̀bẹ dúró. "Abọ́ wo?"

"Abọ́ wo ló tún kù? Abọ́ tí mo fi ń pè wọ́n náà ni."

"Èyí tí o fi pe Alága lọ síbi ọ̀bẹ?"

Mùjíbátù tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó ń bẹ ẹ́. Nígbà tó ń relé lọ́sàn-án, kò bú bàtà, kò bú ẹnì kankan.

Ó fi etí ìró gbé èèpo, ó dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àgbò náà. Ó na ọwọ́ sí i. Káńsílọ̀ gbóòórùn ọwọ́ ọ̀hún, ó sì yẹra. Mùjíbátù bá wọlé, ó ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Káńsílọ̀ wo ẹnu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba, ó mú èèpo kan. Ó tún mú òmíràn.

Nígbà tí Làmídì ti mọ́ṣáláṣí dé, tó rí i pé èèpo ti tán nílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Alihamudulilai. Ti Iléyá tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn."

"Bó bá dìgbà yẹn, okùn ni kí ẹ fi fà á," ni Mùjíbátù wí. "Bí ẹ bá pé ogún, ẹ máa fà á. Èmi ò ní pè é."

"Àgbò ni, Ìyá Roheem."

"Mo mọ̀ pé àgbò ni."

Ní báyìí, bílẹ̀ bá mọ́, Mùjíbátù á jáde, á da èèpo sílẹ̀, kò ní kí olè ìjọba kankan. Káńsílọ̀ ò ní fẹnu kàn án títí ìyẹn á fi ré ìloro kọjá. Lọ́jọ́ kan, Mùjíbátù gbàgbé, ó bojú wẹ̀yìn. Àgbò náà ti tẹrí ba, ẹnu rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Ó tún gbórí sókè, ó ń wò ó.

Mùjíbátù wọlé.