Òrí Ìyá Àgbà

Òórùn òrí ló máa ń gbé mi padà sí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn kan ní Ẹdẹ. Ayé ológun ni, ìpara wọ́n bí ojú. Tíṣà sì ti ní ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ funfun kò ní bá wọn yan ní pápá.

Ìyá àgbà ha ìdí igbá òrí, wọ́n fi pa mí lẹ́sẹ̀.

“Ẹsẹ̀ tiyín ńkọ́?”

“Ta ní ń wo ẹsẹ̀ arúgbó? Rọra rìn o, eruku!”

Mo sáré. Eruku pupa lẹ̀ mọ́ òrí dé orúnkún.

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló ra ìbọ̀sẹ̀ pupa fún ọ? Bọ́ síwájú, máa bá wọn yan!”

Mo délé ròyìn, Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Gìgísẹ̀ wọn tó sán ni wọ́n tọ́jú òrí yẹn fún.